Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Lórí Orin Jáàsì àti Àwọn Olólùfẹ́ Rẹ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Tọmọdé tàgbà ni ó mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń rántí rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ohun tí ó dùn létí. Ẹni tí ó gbà tẹ̀rín-tẹ̀rín pé iyán wu òun, àmàlà sì wu ẹnìkejì òun, ẹni náà gan-an ni yóò fa ojú ro bí a bá sọ fún un pé orin tí ó fi ń ṣe yangàn kò dùn mọ́ ẹlòmíràn. Láàárín àwọn olólùfẹ́ orin jáàsì, irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì mọ sórí orin nìkan. Ìdí nìyí tí a fi mú un wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Jáàsì ni orin tí àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tí a kó lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà, dá sílẹ̀ ní ìlú New Orleans nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń bẹ̀rẹ̀. Olórin jáàsì kì í kàn tún ohun tí a kọ sínú ìwé ṣe. Bí ó ti ń fun fèrè lọ́wọ́ ni ó ń ṣẹ̀dá ohùn tuntun, gẹ́gẹ́ bí onílù wa ti ń dá àrà nígbà tí ẹni pàtàkì bá wọ agbo. Louis Armstrong, tí a bí ní New Orleans ní 1901, jẹ́ aṣáájú nínú àwọn tí ó fi ọ̀nà yìí han gbogbo ayé.

Nígbà tí ó di àárín àwọn ọdún 1940, Charlie Parker àti Dizzy Gillespie gbé àṣà tuntun dé, èyí tí a ń pè ní bebop. Orin náà yára bí àṣá, ohùn rẹ̀ lọ́ pọ̀, kò sì rọrùn fún ẹsẹ̀ láti jó. Armstrong kò fi pamọ́ pé kò dùn mọ́ òun. Ní ilẹ̀ Faransé, Hugues Panassié fọwọ́ sọ̀yà pé èyí kì í ṣe jáàsì rárá. Charles Delaunay ní jáàsì ni. Àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣe ẹgbẹ́ kan náà, Hot Club de France, fún ọdún púpọ̀. Ní 1947, ẹgbẹ́ náà pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìpínyà ń ná ẹgbẹ́, ẹ kò ní fi èyí ṣe ẹ̀rín.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí bí ilé kan ti lè ní ìlẹ̀kùn púpọ̀, kí ó wo ọdún 1959. Nínú ọdún kan ṣoṣo yìí ni àwo mẹ́rin jáde tí èkínní kò jọ èkejì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn tí ń gbè é lẹ́yìn títí di òní.

Èkínní ni Kind of Blue ti Miles Davis. Ọjọ́ méjì péré, ọjọ́ 2 oṣù Kẹta àti ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin, ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀ ní New York. Ohùn díẹ̀ ni Davis tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì fún wọn láyè láti rìn nínú rẹ̀ bí ó ti wù wọ́n. Orin náà tutù bí omi àmù. Ní 2019, ẹ̀rí fi hàn pé iye àwo náà ti tó mílíọ̀nù márùn-ún ní Amẹ́ríkà nìkan.

Èkejì ni Time Out ti Dave Brubeck, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ funfun. Ní 1958 ó rìnrìn-àjò dé ilẹ̀ Turkey, ó gbọ́ àwọn olórin ìgboro tí ń ka ìlù wọn ní mẹ́sàn-án, ó sì mú un wálé. Paul Desmond, tí ń fun fèrè fún un, ni ó ṣe Take Five, tí a ń ka ìlù rẹ̀ ní márùn-ún. Àwọn kan ní orin ìṣirò ni. Àwọn ará ìlú rà á ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ẹ̀kẹta ni Mingus Ah Um ti Charles Mingus. Nínú tirẹ̀, a ń gbọ́ ìpàtẹ́wọ́ àti igbe ayọ̀ bí ẹni pé a wà nínú ìsìn ìjọ àwọn ènìyàn dúdú. Ẹ̀kẹrin ni The Shape of Jazz to Come ti Ornette Coleman. Fèrè oníke ni Coleman ń fun, kò sí dùùrù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí òfin àtijọ́ so òun lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ó dé ilé ìgbafẹ́ Five Spot ní New York ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìlú pín. Leonard Bernstein, ògbóǹtarìgì nínú orin ìwé, yìn ín gidigidi. Roy Eldridge, àgbà onífèrè, ní ẹ̀tàn lásán ni. Ní 2007, Coleman yìí kan náà ni a fún ní ẹ̀bùn Pulitzer fún orin.

Àwa kò sọ pé gbogbo orin ni ó dọ́gba. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Bí ẹnìkan bá ní, “Kò wù mí,” ọ̀rọ̀ tán; òun ni ó ni etí rẹ̀. Bí ó bá ní, “Kò dára,” ó di dandan kí ó mú ìdí wá, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tí ó fún ọmọ ní máàkì kékeré ti gbọ́dọ̀ lè fi àṣìṣe hàn án. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní, “Kì í ṣe jáàsì,” ó ti lé ọmọlé jáde nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kẹta yìí ni Panassié sọ, òun ni ó sì ń tú ilé ká.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí kò fi yẹ kí ilé náà tú. Ní oṣù Kẹsàn-án 1957, ọmọ dúdú mẹ́sàn-án fẹ́ wọ ilé-ìwé Central High School ní Little Rock, ìpínlẹ̀ Arkansas, tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ funfun nìkan tẹ́lẹ̀. Gómìnà Orval Faubus kó ọmọ-ogun jáde láti dí wọn lọ́nà. Armstrong, àgbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń bẹnu àtẹ́ lù pé ẹ̀rín rẹ̀ sí àwọn òyìnbó pọ̀ jù, dìde, ó bu ẹnu àtẹ́ lu Faubus àti Ààrẹ Eisenhower níwájú akọ̀ròyìn, ó sì kọ̀ láti bá ìjọba lọ kọrin ní Soviet Union. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Mingus fi Fables of Faubus sínú àwo rẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní 1960 ó tún un gbà sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ mìíràn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó fi gómìnà náà ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó fẹ́ràn Armstrong lè má lè jókòó gbọ́ Mingus. Síbẹ̀, nígbà tí a dí ọ̀nà ilé-ìwé mọ́ àwọn ọmọ, ẹnu àwọn méjèèjì kò.

Àwa náà ní ìpín níbẹ̀. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, gbé àwo ìlù rẹ̀, Drums of Passion, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960. John Coltrane, tí ó ti fun fèrè nínú Kind of Blue, sọ orin kan ní Tunji ní 1962 láti bọlá fún un. Ní oṣù Kẹrin 1967, oṣù díẹ̀ kí Coltrane tó kú, ó ṣeré ní ilé àṣà Áfíríkà tí Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem. A gba eré náà sílẹ̀, ó sì jáde ní 2001. Igbe ni fèrè náà ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń fi Kind of Blue tu ara lálẹ́ ni yóò sáré pa á. Ọkùnrin kan náà ni, ọdún mẹ́jọ péré ni ó wà láàárín wọn.

Bí ẹnìkan ṣoṣo bá lè rin ọ̀nà méjì bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi rin ẹyọ kan? Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni ń sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàárín “kò wù mí” àti “kò dára.” Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ tó pe ẹnìkejì yín ní àjèjì nítorí pé orin rẹ̀ yàtọ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀yin àti òun kò jọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kan náà.