Ilà Ojú Ìyá Wa Kì í Ṣe Àbùkù

Bí ọlọ́jọ́ bá dé bá àgbàlagbà kan ní ilẹ̀ Èkìtì lóde òní, wíwá àwòrán jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ó ń ṣáájú nínú ètò ìsìnkú. Àwọn ọmọ yóò tú àpótí, wọn yóò mú àwòrán tí ó dára jù lọ sí ilé ìtẹ̀wé, kí wọ́n lè gbé e sára ìwé ètò ìsìn àti sára pósítà tí a ó lẹ̀ mọ́ ògiri láti Òkè-Ìyìnmi títí dé Ajílosùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, olóògbé nìkan kọ́ ni ó wà nínú àwòrán náà. Ó lè jẹ́ ibi ìgbéyàwó ni ó ti jókòó, tí èjìká ẹlòmíràn yọ sí i lápá òsì, tí kẹ́ẹ̀gì omi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọnrangandan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ni yóò bá wọn yọ gbogbo ìyẹn kúrò.

Èmi kò bínú sí iṣẹ́ náà. Ta ni yóò fẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì tẹ̀ lé ìyá òun dé ibojì? Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni ohun tí ojú mi rí nígbà tí a fẹ́ sin ìyá tí ó bí mi. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n, wọ́n sì kọ ilà, ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sún mọ́ ara wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, tí ènìyàn kò lè kà tán. Nígbà tí a gba pósítà ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Adó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Aṣọ ìyá wa ni, gèlè wọn ni. Ṣùgbọ́n àbúrò wọn obìnrin, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wo pósítà náà títí, ó sì béèrè ní ohùn Èkìtì wa pé, “Ìsí nì yí?” Ta ni èyí? Mo padà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé ẹ ó fẹ́ kí ojú màmá mọ́ ni.”

Orúkọ tí wọ́n sọ irinṣẹ́ tí ó lò yẹ ní yíyẹ̀ wò. Ìwòsàn ni wọ́n pè é. Ilé iṣẹ́ Adobe ni ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìwòsàn sínú ètò Photoshop ní ọdún 2002. Ní 2005 ni wọ́n ṣe èyí tí a kò ní í júwe ibi tí yóò ti mú awọ rere fún un mọ́, tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ó fi kan ojú ibẹ̀. Láti 2021 ni Google sì ti gbé irinṣẹ́ tí ń pa ènìyàn tàbí ohun tí a kò fẹ́ rẹ́ sínú fóònù Pixel. Búrọ́ọ̀ṣì ìwòsàn yìí a máa wo awọ tí ó yí ibi tí a fi kàn ká, a ṣe àdàkọ rẹ̀, a sì pa á pọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ojú ibẹ̀. Kò mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ohun tí ó yọ, àbá ni ó ń dá. Lójú rẹ̀, irorẹ́, àpá ọgbẹ́, ìdọ̀tí orí fíìmù àti ilà Ẹ̀fọ̀n, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: ohun tí kò jọ àyíká rẹ̀. Aláìsàn ni a sì ń wò sàn. Ta ni ó sọ fún ẹ̀rọ pé ara ìyá mi kò yá?

Kí a má purọ́, àwọn ayàwòrán wa àtijọ́ náà mọ ọgbọ́n yìí. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, tẹ ìwádìí jáde ní 1978 lórí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Yorùbá, pàápàá ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan ṣoṣo, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, èyí tí ó kù yóò wọ aṣọ ọkùnrin nígbà kan, yóò wọ ti obìnrin nígbà kejì. Irọ́ ni, bí a bá fi ojú adájọ́ wò ó, ṣùgbọ́n irọ́ tí ń mú ẹni tí ó lọ padà wálé ni. Àwọn agbẹ́gilére tí ó ṣáájú kámẹ́rà kò gbẹ́ ojú ọmọ tí ó kú sára ère ìbejì, ojú àgbà ni wọ́n gbẹ́ fún un. Síbẹ̀, wọn a máa fín ilà ìdílé sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ní Ọ̀wọ̀ nítòsí wa ńkọ́? Ère àkó, tí Rowland Abíọ́dún kọ̀wé lé lórí ní 1976, gbọ́dọ̀ jọ olóògbé tó bẹ́ẹ̀ tí ará ìlú yóò fi dá a mọ̀.

Yíyọ ènìyàn kúrò yàtọ̀ sí èyí. Ní Rọ́ṣíà, nígbà ayé Stalin, wọ́n pa Nikolai Yezhov ní 1940, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú àwòrán tí òun àti Stalin jọ yà létí odò. Omi ni wọ́n fi dí ipò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn Rọ́ṣíà nìkan ni èyí. Bí ogún bá di ìjà láàárín ọmọ orogún, àwòrán tí ìyàwó kejì ti jókòó ti baálé lè di ẹ̀rí.

Èmi kò sọ pé kí a padà máa kọ ilà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ti ka á léèwọ̀ fún ọmọdé, mo sì fara mọ́ ọn; èmi fúnra mi kò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ ilà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ogójì ọdún sí i, níbo ni ọmọ Èkìtì yóò ti rí ilà Ẹ̀fọ̀n, tàbí àbàjà àti pélé àwọn ará Yorùbá yòókù, bí kò ṣe nínú fọ́tò? Àwọn fóònù kan sì wà nísinsìnyí tí ń dán ojú ènìyàn kí ó tó ya àwòrán tán, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àwòrán òbí lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n yọ, kí ẹ sì sọ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ gba èyí tí ẹ gbé lọ padà, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tí ì pa àwòrán ti àkọ́kọ́ rẹ́, nítorí náà kò pẹ́ tí ó fi tẹ òmíràn fún wa. Àbúrò ìyá mi gba ọ̀kan, ó fi ìka tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní oríkì.