Gíábọ́ọ̀sì Kẹta Nínú Ọkọ̀ Kan Ṣoṣo

Bí ọkọ̀ ọtọmátíìkì tó ti dàgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń ké ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, tàbí tó ń tapá bó bá ti fẹ́ kúrò lórí gíà kìíní bọ́ sórí ìkejì, gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Mẹkáníìkì á ní gíábọ́ọ̀sì ti lọ. Wọ́n á gba ọjà Ládípọ̀ ní Mushin lọ, wọ́n á ra tòkunbọ̀, wọ́n á gbé e wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ á sì máa lọ geere. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àìsàn àná á tún yọjú. Ẹni tó ni mọ́tò á dá ẹni tó tajà lẹ́bi, ẹni tó tajà á ní mẹkáníìkì ni kò mọ̀ ọ́n dè, mẹkáníìkì á ní ọjà òde òní ni kò dára mọ́, owó á sì tún jáde fún ẹ̀kẹta. Ohun tí mo rí sí ọ̀rọ̀ yìí ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó pa gíábọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ló pa èkejì. A sin òkú àkọ́kọ́ láìwádìí ikú tó pa á.

Inú ọ́ìlì ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Nínú ọkọ̀ tí à ń fọwọ́ pààrọ̀ gíà rẹ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Nínú ọtọmátíìkì, ọ́ìlì pupa tí à ń pè ní ATF ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Òun ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì kọjá sínú gíà, bí ìgbà tí fáànù kan bá ń fẹ́ atẹ́gùn lu òmíràn tí ìyẹn náà fi ń yí. Òun ló ń fún àwọn awo kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ kí wọ́n má baà yọ̀, òun náà ló sì ń kó ooru kúrò lára irin. Nítorí náà, bí ọ́ìlì bá ti gbó, awo á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ díẹ̀díẹ̀, yíyọ̀ yẹn á mú ooru wá, ooru á sì jó ọ́ìlì tó kù. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó tún ń bu epo síná ọ̀rọ̀ náà, torí pé ìgbà tí ọkọ̀ kò rí atẹ́gùn gbà gan-an ni gíà ń pààrọ̀ ara rẹ̀ jù.

Kí ooru má baà borí, páìpù méjì ló ń gbé ọ́ìlì yìí lọ sínú kúlà kékeré kan, inú ikùn rédíétọ̀ ni ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Omi rédíétọ̀ á tu ọ́ìlì lára, ọ́ìlì á sì padà síbi tó ti wá. Ibẹ̀ ni ọ̀daràn sábà máa ń fara pa mọ́ sí. Nígbà tí gíábọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ń kú lọ, ìyẹ̀fun awo kílọ́ọ̀ṣì àti èérún irin ń bá ọ́ìlì ṣàn wọ inú ihò tóóró kúlà náà. Wọ́n á yọ gíábọ́ọ̀sì sọnù, ṣùgbọ́n kúlà á wà níbi tó wà. Bí wọ́n bá ti so tuntun mọ́ ọn, ìdọ̀tí òkú àná ni yóò kọ́kọ́ gbé mì, tàbí kí ihò náà dí pa tí ọ́ìlì kò fi ní tutù. Bí ẹni wẹ ọmọ tán tó tún gbé e padà sínú ẹrọ̀fọ̀ ni. Èyí tó tún burú jù ni pé kúlà lè là nínú, kí omi rédíétọ̀ wọ inú ọ́ìlì. Ọ́ìlì á wá dà bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n po osùn mọ́, omi á sì máa tú gọ́ọ̀mù tó di awo kílọ́ọ̀ṣì mú. Gíábọ́ọ̀sì mẹ́wàá kò lè tán irú ìṣòro yẹn bí rédíétọ̀ kan náà bá ṣì wà lójú rẹ̀. Fáànù rédíétọ̀ tí kì í yí dáadáa náà wà lára àwọn afura-sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì nìkan ni àwọn èèyàn máa ń rò pé ó kàn.

Ẹlòmíràn lè ní irú ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló ṣe é láìdáa, kò sí ohun tí onímọ́tò lè ṣe sí i. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ wo Honda Accord ọdún 2003 tí a sọ ní End of Discussion. Ní oṣù kẹrin ọdún 2004, Honda pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù kan ó lé padà ní Amẹ́ríkà nítorí gíábọ́ọ̀sì: Accord oní-V6 ti 2003 àti 2004 wà níbẹ̀, Odyssey, Pilot àti Acura náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Accord onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin kò sí lára wọn. Ooru ń pọ̀ lára gíà kejì débi pé eyín rẹ̀ lè ṣẹ́, kí gbogbo rẹ̀ sì há lójú ọ̀nà. Ẹ wá gbọ́ àtúnṣe tí wọ́n ṣe. Èyí tó ti rìn ju 15,000 máìlì lọ, wọ́n á yẹ àwọ̀ irin gíà náà wò. Bí ooru bá ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà, wọ́n á pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì. Bí kò bá tíì yí, wọ́n á fi ohun tó ń tú ọ́ìlì sí i lára kún un. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fúnra wọn, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì àti ooru ni wọ́n kọjú sí. Ẹni tó bá sì ra gíábọ́ọ̀sì irú ọdún bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ ní Ládípọ̀, ta ló máa sọ fún un bóyá wọ́n ti ṣe àtúnṣe yẹn sí i kí ọkọ̀ tí wọ́n tú u lára rẹ̀ tó ní jàǹbá?

Àríwísí kan tún wà tí mo bọ̀wọ̀ fún ju ìyẹn lọ: wọ́n ní bí a bá pààrọ̀ ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì tó ti gbó, ṣe ló máa kú. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lóòótọ́. Àmọ́ ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀? Ìgbà tó ti ń yọ̀, tí ọ́ìlì ti dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná. Awo ti jẹ tán nígbà yẹn; aláìsàn tó ń kú lọ ni wọ́n fún lóògùn, ni wọ́n bá ní oògùn ló pa á. Ìgbà tí ara gíábọ́ọ̀sì ṣì le ni kí á ti máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, kí á má sì fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Kí á ṣí nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀, kí ọ́ìlì ṣàn jáde, kí á dá iye tó jáde padà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò ní kó tó ìdajì nínú Honda, torí náà kí á tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìrìn díẹ̀ láàárín. Ọ́ìlì tó bá orúkọ ọkọ̀ mu ni kó jẹ́: Honda lo ATF-Z1 tẹ́lẹ̀, DW-1 ló gba ipò rẹ̀; Toyota ní T-IV àti WS. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n látinú dúrọ́ọ̀mù tí kò lórúkọ lè dín owó kù lónìí, ṣùgbọ́n bí awo kílọ́ọ̀ṣì ṣe ń di ara wọn mú kò dọ́gba láàárín ọ́ìlì kan àti èkejì.

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí páànù, ó yẹ kí skánà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú ibi tí à ń kì í bọ̀. Kóòdù P0740 ń tọ́ka sí kílọ́ọ̀ṣì inú torque converter, ibi tí ọ́ìlì ti ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì kọjá sínú gíà, P0730 sì ń sọ pé ìwọ̀n gíà kò bára mu. Bí iná D bá ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù Honda, ó ní ẹ̀sùn tó fẹ́ rò. Nígbà míì, rẹ́wáyà nìkan ló máa parí rẹ̀ pẹ̀lú síwíìṣì ìtẹ̀ ọ́ìlì tó kéré bí àtàǹpàkò. Nígbà míì, ẹ́ńjìn síìtì tó ti já ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ tapá bí a bá ti fi sí D, kò sì sí ohun tó ṣe gíábọ́ọ̀sì rárá.

Ẹni tó bá sọ pé owó òun kò ká ju tòkunbọ̀ lọ, n kò bá a jà. Àmọ́ nọ́ọ̀tì ìdí gíábọ́ọ̀sì Honda ní mágínẹ́ẹ̀tì; kí owó tó jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i lójú yín: bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá rí bí àtè dúdú, ara ìdàgbà ni, bí ó bá jẹ́ èérún irin tó ń dán tó sì ń gún ọwọ́, ó ti tán nìyẹn, kí ẹ lọ ra òmíràn. Ṣùgbọ́n kí kúlà tuntun tàbí rédíétọ̀ tó mọ́ wà lórí bílì kan náà, pẹ̀lú ọ́ìlì tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ẹni tó ń kọ bílì bá ní kò pọn dandan, ẹ bi í léèrè ibi tí ìdọ̀tí ti àkọ́kọ́ gbà lọ.