Lé àti Dín: Bí Òbí Ṣe Lè Fi Ọmọ Ayò Ṣàlàyé Òǹkà Yorùbá Nílé

Lára ohun tí ó máa ń da ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láàmú nínú òǹkà Yorùbá ni ìlò lé àti dín. Bí a bá pe mẹ́rìndínláàádọ́ta, ọmọ mìíràn yóò kọ 54 dípò 46. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò; mẹ́rin àti àádọ́ta ni etí rẹ̀ mú, kò fiyè sí dín tí ó wà láàrin wọn. Àkọ́sórí nìkan kò lè tún èyí ṣe. Èrò wa níhìn-ín ni láti fi ọ̀nà kan hàn tí olùkọ́ lè júwe fún àwọn òbí.

Ayò ni a ó lò. Ihò méjìlá ni ọpọ́n rẹ̀ ní. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni à ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Bí kò bá sí ayò nílé, ẹ̀wà tàbí òkúta wẹ́wẹ́ yóò ṣe é.

(i) Kí ọmọ kó wọn jọ ní ogún-ogún. Òkìtì méjì yóò pé, èyíinì ni ogójì. Mẹ́jọ péré ni yóò wà nínú ẹ̀kẹta. Bí ẹ̀kẹta bá pé, ọgọ́ta ni ìbá jẹ́.

(ii) Kí òbí fi òkúta 2 kún ẹ̀kẹta. Ó di 10. Ó sì ku 10 kí ó pé. Ọmọ yóò fojú ara rẹ̀ rí i pé àádọ́ta ni ọgọ́ta tí ó dín mẹ́wàá. Kí ó wá kó òkúta 2 náà kúrò: méjìdínláàádọ́ta ni ó kù.

(iii) Kí ó tún mú 4 kúrò. Ó ku 44, orúkọ sì yí padà sí mẹ́rìnlélógójì. Láàrin 20 àti 100, bí ó bá jẹ́ 1 sí 4 ni ó lé, ẹ̀yìn ni à ń wò, a ó lo lé. Bí ó bá jẹ́ 5 sí 9, iwájú ni à ń wò, a ó lo dín.

Lẹ́yìn èyí, kí ọmọ to 46 àti 54 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sì pe orúkọ wọn: mẹ́rìndínláàádọ́ta, mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Ó kan àwa olùdánwò pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè ọ̀nà tí ọmọ gbà dé ìdáhùn, kí a sì fún un ní máàkì lórí rẹ̀: 60 – 10 – 4 = 46. Ọmọ tí ó bá lè kọ èyí ti mọ òǹkà. Èyí tí ó kàn há orúkọ sórí yóò gbàgbé rẹ̀, yóò sì sọ pé òǹkà Yorùbá le jù.