Kẹ̀kẹ́ Kámẹ́rà Tí Kò Ní Iṣẹ́ Àbínibí

Bí ẹ bá tún lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìkọ̀lé tàbí Ìdó, ẹ fojú sí àtàǹpàkò ayafọ́tò. Ìka tó wà lókè ló ń ya fọ́tò, àmọ́ àtàǹpàkò ni kì í sinmi. Bọ́tìnì kan wà lẹ́yìn kámẹ́rà tó ń tẹ̀. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, lẹ́ǹsì á wá ojú ìyàwó rí. Bó bá ṣíwọ́, lẹ́ǹsì á dúró síbẹ̀. Ẹbí tó fẹ́ náwó ìbáà gba iwájú kọjá, fọ́tò kò ní bàjẹ́. Bí ìyàwó bá jó sún mọ́ ọn, á tún bọ́tìnì náà tẹ̀.

Kámẹ́rà náà kò ti ilé iṣẹ́ wá bẹ́ẹ̀, ayafọ́tò ló yí ètò rẹ̀ padà. Bí wọ́n ṣe ṣe é, bọ́tìnì tí à fi ń ya fọ́tò náà ló ń wá ojú ẹni. Ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá gba iwájú kọjá, ẹ̀yìn agbádá onítọ̀hún ló máa mọ́ kedere, ìyàwó á wá di kúrukùru.

Àwọn ọ̀gá àtijọ́ kò ní irú àyè yìí. Ọgbọ́n wà lọ́wọ́ wọn o: Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1978 nípa àwọn ayafọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí Òtùn, pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì tẹ méjèèjì sórí ìwé kan. Ṣùgbọ́n yàrá òkùnkùn ni wọ́n ti ń dá irú àrà bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kì í gbàṣẹ. Yashica-Mat 124G, tó jáde ní 1970, ní kẹ̀kẹ́ kékeré méjì lẹ́bàá lẹ́ǹsì. Ọ̀kan ń pinnu bí ojú lẹ́ǹsì ṣe máa là tó, èkejì ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó lórí fíìmù. Irin ló so wọ́n mọ́ iṣẹ́ wọn, títí tí kámẹ́rà á fi gbó.

Ní 1985, Minolta gbé 7000 jáde, ó yọ ohun yíyí kúrò, ó fi bọ́tìnì rọ́pò. Lọ́dún kejì, Canon fi kẹ̀kẹ́ kan sórí T90, níbi tí ìka ti lè tètè kàn án. Kẹ̀kẹ́ yìí kò ní iṣẹ́ àbínibí. Kọ̀ǹpútà inú kámẹ́rà ló ń sọ ohun tó máa ṣe. Lójú tèmi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí kọ̀ǹpútà lè rán níṣẹ́, ẹni tó ni kámẹ́rà náà lè rán an. Nígbà tó di 1989, Canon EOS 630 gba oníkámẹ́rà láyè láti gbé iṣẹ́ wíwá ojú lọ sẹ́yìn, sábẹ́ àtàǹpàkò.

Láyé kámẹ́rà tí kò lo fíìmù, àyè náà wá gbòòrò. Nikon D7000 ti 2010 ní U1 àti U2, tí èèyàn lè tọ́jú ètò tirẹ̀ sí. Ní Ọ̀yẹ́, ìlú yunifásítì láti 2011, U1 lè jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́jáde tó dúró lójú oòrùn, kí U2 jẹ́ ti inú gbọ̀ngàn. Gbọ̀ngàn ló le jù. Iná mànàmáná wa ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà gílóòbù olówó pọ́ọ́kú ń ṣẹ́jú nígbà 100. Ojú wa kò rí i, kámẹ́rà rí i: bí ó bá yára jù, ìlà dúdú á gba ara fọ́tò kọjá. Nítorí náà, 1/100 ìṣẹ́jú àáyá ló yẹ kó wà nínú U2. (Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣe ségesège, kí Ọlọ́run ṣàánú.)

Kámẹ́rà tòkunbọ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀. Ẹlòmíràn á ra kámẹ́rà, á tẹ ibi tí à fi ń ya fọ́tò, lẹ́ǹsì kò ní mira. Á ní wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Kò sóhun tó ṣe kámẹ́rà, òyìnbó tó kọ́kọ́ ni ín ló ti gbé iṣẹ́ náà sẹ́yìn, kò sì rántí dá a padà kó tó tà á. Inú mẹ́nù ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé, lẹ́yìn òde kan tàbí méjì, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.