Iṣẹ́ Alágbàtà nínú Ìgbéjáde Fíìmù: Àpẹẹrẹ Ben Barenholtz

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Òwe yìí dá alágbàtà lẹ́bi, nítorí pé ó ń jèrè lórí ohun tí kì í ṣe òun ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fíìmù tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kọ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Alágbàtà fíìmù ni ó ń ra ẹ̀tọ́ láti fi fíìmù hàn, tí ó ń wá ilé sinimá fún un, tí ó sì ń pín nínú owó ìwọlé. Láìsí irú ẹni bẹ́ẹ̀, inú agolo ni fíìmù yóò kú sí. Ìgbésí ayé Ben Barenholtz (1935–2019) jẹ́rìí sí èyí.

Ilé Sinimá Elgin
Ọmọ Júù ni Barenholtz. Abẹ́ Pólàńdì ni agbègbè tí wọ́n bí i sí wà nígbà náà. Úkíréènì ni ó wà lónìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, inú igbó ni ó fara pamọ́ sí kí ọwọ́ ìjọba Nazi má baà tẹ̀ ẹ́. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1947.

Ní 1968, ó bẹ̀rẹ̀ sí í darí ilé sinimá Elgin ní New York. Ní oṣù Kejìlá 1970, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi El Topo, fíìmù Alejandro Jodorowsky, hàn ní agogo méjìlá òru. Ìpolówó rẹ̀ kò pọ̀; ẹnu àwọn òǹwòran ni ó gbé e káàkiri. Fún bí oṣù mẹ́fà ni èrò fi ń wọ́ wá. Wákàtí tí ilé sinimá ìbá ṣófo ni ó sọ di àkókò ọjà fún fíìmù tí kò lè bá àwọn ńlá díje.

Láti Alágbàtà dé Olùgbéjáde
Ní 1972, ó dá ilé-iṣẹ́ Libra sílẹ̀. Libra ni ó gba Eraserhead, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ David Lynch, ní 1977. Ènìyàn 25 ni ó wò ó lóru àkọ́kọ́. Alágbàtà mìíràn ìbá ti ká a kúrò. Barenholtz fi í sílẹ̀ títí tí àwọn tí wọ́n fẹ́ irú rẹ̀ fi rí i.

Lẹ́yìn èyí, ó bá àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Pedas ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Circle. Circle ni ó gba Blood Simple, fíìmù àkọ́kọ́ Joel àti Ethan Coen, lẹ́yìn tí àwọn mìíràn ti kọ̀ ọ́. Ó jáde ní 1985. Níbi yìí ni iṣẹ́ Barenholtz ti kọjá títa ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe parí. Ó wà lára àwọn olùgbéjáde àgbà fún Miller's Crossing (1990) àti Barton Fink (1991). Barton Fink ni ó gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní àjọ̀dún Cannes ní 1991.

Ìkádìí
Olùkọ́ tí ó bá ń fi fíìmù kọ́ni sábà máa ń bèèrè ẹni tí ó kọ ìtàn àti ẹni tí ó darí eré. Ó yẹ kí ó tún bèèrè ẹni tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ òǹwòran. Ìtumọ̀ méjì ni ọ̀wọ́n ní: ohun tí owó rẹ̀ ga, àti ohun tí ó ṣe iyebíye. Ìtumọ̀ kejì ni òwe náà gbà lọ́dọ̀ Barenholtz.