Ẹyẹ Orí Àfòmọ́: Ẹ̀kọ́ Ìgbésí Ayé Ẹyẹ fún Ọmọ Ìjẹ̀bú

Bí olùkọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bá ṣí ìwé tí a tẹ̀ ní òkè òkun, tí ó fi àwòrán hummingbird han àwọn ọmọ kéékèèké, tí ó sì wí fún wọn pé nínú ìran ẹyẹ yìí ni a ti rí ẹyẹ tí ó kéré jùlọ láyé, òótọ́ pọ́ńbélé ni ó sọ, nítorí ọ̀kan tí ń bẹ ní erékùṣù Cuba kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 2 lọ. Ṣùgbọ́n ẹyẹ náà kò sí ní Ìjẹ̀bú, kò sí ní Nàìjíríà, kò sì sí níbikíbi ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni ẹ̀yà rẹ̀ tí ó lé ní 300 ń gbé, láti Alaska títí dé ìpẹ̀kun gúúsù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, tí ń gba abẹ́ igi obì kọjá lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, ní ẹyẹ tirẹ̀ tí ń mu omi dídùn inú òdòdó, èmi sì gbà pé ẹyẹ yìí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀.

Sunbird ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó kéré, ara rẹ̀ kì í balẹ̀, àgógó ẹnu rẹ̀ sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ kọrọdọ. Bí akọ rẹ̀ bá wà nínú òjìji, ọmọ yóò ní ẹyẹ dúdú ni. Bí ó bá fò bọ́ sínú oòrùn, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró yóò máa kọ mànà lára rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà ń kọ lára ìyẹ́ ni ó bí dídán náà, kì í ṣe pé a rẹ ìyẹ́ ní aró. Òun àti ẹyẹ Amẹ́ríkà kò bá ara wọn tan. Oúnjẹ kan náà ni ó sọ ẹnu àwọn méjèèjì di gígùn. Ẹyẹ Amẹ́ríkà a máa dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́ mu tirẹ̀, ṣùgbọ́n tiwa a sábà máa bà lé ẹ̀ka kí ó tó mu.

Ibi tí ó dára jùlọ láti wò ó ni orí àfòmọ́. Àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ní í bá tan, àgbẹ̀ olóbì àti oníkòkó sì mọ̀ pé àna tí ń fa omi ara onílé mu ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ wo ìtànná rẹ̀ dáadáa. Ìtànná pupa náà a gùn, ẹnu rẹ̀ a sì wà ní dídì títí ẹyẹ yóò fi wá ti àgógó bọ inú lílà kékeré tí ń bẹ lára rẹ̀. Lọ́gán ni ìtànná yóò là gbàù, tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ yóò dà sórí ẹyẹ, tí ẹyẹ yóò sì gbé e lọ sí orí àfòmọ́ mìíràn láìmọ̀ pé iṣẹ́ ni a bẹ òun. Olè a sì máa jà nígbà mìíràn, nítorí bí ẹyẹ yìí bá dé ìdí òdòdó hibiscus tí a gbìn yí ọgbà ilé-ìwé ká, ó lè fi ẹnu lu ìdí òdòdó náà, kí ó fa omi rẹ̀ mu, kí ó sì lọ láìfọwọ́ kan lẹ́búlẹ́bú rárá.

Abo ni í sábà kọ́ ilé. Ìtẹ́ náà rí bí àpò tí a so rọ̀ sí orí ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òwú aláǹtakùn sì ni abo fi ń di koríko, ewé gbígbẹ àti èèpo igi pọ̀. Ẹyin kan tàbí méjì ni ó ń yé, òun nìkan ni ó sì ń sàba lé e fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ a jáde ní ìhòòhò, ojú wọn a dì. Níhìn-ín ni ọmọ ilé-ìwé yóò béèrè pé, “Àǹtí, ṣé omi òdòdó ni wọ́n ń fún wọn mu?” Rárá o, omi dídùn kò lè kọ́ ẹran ara, nítorí náà bàbá àti ìyá ń pa aláǹtakùn àti kòkòrò wá fún wọn, títí wọn yóò fi fò jáde lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Gbogbo ọmọ ni ó ń jọ ìyá. Akọ kì í gbé aṣọ dídán wọ̀ àfi bí ó bá dàgbà. Nígbà tí èyí bá yé àwọn ọmọ ilé-ìwé ni kí olùkọ́ tó padà sí ìwé òkè òkun, kí ó sọ fún wọn pé ní Amẹ́ríkà, ìyá nìkan ni ó ń tọ́ ọmọ méjì tirẹ̀ nínú ìtẹ́ tí kò ní òrùlé, bàbá kò dá sí i.

Ẹ̀kọ́ yìí dùn jù ní èdè Yorùbá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kì í sì ṣe inú kíláàsì nìkan ni a ti ń kọ́ ọmọ: Tai Ṣólàrín, tí ó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, mú akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ wọ oko. Orúkọ rẹ̀ sì ni yunifásítì tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìjàgún, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ń jẹ́. Àwọn tí ó bá jáde níbẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹ̀rọ olówó ńlá kí wọ́n tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Kí a gba kànnàkànnà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ni àkọ́kọ́. Kí wọ́n jókòó lókèèrè, nítorí ìyá tí ẹ̀rù bá bà lè kọ ẹyin sílẹ̀. Kí wọ́n máa kọ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ìtẹ́, ọjọ́ tí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí sàba, àti ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí i tí ó gbé kòkòrò wọlé. Bí àwọn ọmọ ẹyẹ bá ti fò lọ, tí a sì rí i dájú pé kò sí ẹni tí ó padà wá mọ́, olùkọ́ lè gé ẹ̀ka náà, kí ó gbé ìtẹ́ òfìfo wá sórí tábìlì, kí àwọn ọmọ sì tú u ní fọ́nrán fọ́nrán, kí wọ́n ka irú ohun tí wọ́n bá níbẹ̀.