Ohun Tí Ooru Ń Ṣe sí Àgbò, Ó Lè Ṣe É sí Ọkùnrin

Bí ọdún mẹ́ta bá kọjá lórí ìgbéyàwó tí ilé kò sì gbọ́ igbe ọmọ, ìyàwó ni ẹbí máa ń kọ́kọ́ bojú wò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí láàrin àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Sabon Gari, ní ìlú Kano, bí ó ti rí ní Ìbàdàn àti Òṣogbo. Ìyàwó yóò máa lọ láti ilé ìwòsàn dé ilé àdúrà, láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ elégbòogi. Ọkọ yóò sì ní òun kì í ṣe akúra, nítorí náà kò sí ohun tí ó kan òun nínú àyẹ̀wò. Àgàn ni èdè Yorùbá ń pe obìnrin tí kò bí. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tí àtọ̀ rẹ̀ kò sì lè di ọmọ, orúkọ tirẹ̀ kì í tètè wá sí ẹnu.

Ẹni tí ń sin ẹran kì í ṣe irú àṣìṣe yìí. Bí ewúrẹ́ mẹ́wàá kò bá lóyún nínú agbo kan, òbúkọ ni olówó wọn yóò kọ́kọ́ fura sí. Láti ara ẹran ọ̀sìn sì ni ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀ nípa àtọ̀ ọkùnrin ti wá. Ní ọdún 1949, Christopher Polge, Audrey Smith àti Alan Parkes, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé glycerol lè dáàbò bo àtọ̀ àkùkọ nígbà tí ó bá di yìnyín. Ní 1953, wọ́n kéde ní Amẹ́ríkà pé àwọn obìnrin ti lóyún nípasẹ̀ àtọ̀ ọkùnrin tí a tọ́jú ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gabriel Egbunike, onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn, ṣe ìwádìí lórí bí akọ ẹran ṣe ń pèsè àtọ̀ ní ilẹ̀ olóoru. Ní 1978, òun àti T. O. Elemo gbé iṣẹ́ jáde lórí iye sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ tí ó wà ní ìpamọ́ nínú ara akọ ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Yúróòpù, tí a sì tọ́ dàgbà nínú ooru ilẹ̀ yìí. Ní 1980, òun àti T. I. Dede tún gbé òmíràn jáde lórí ohun tí oòrùn ń ṣe sí àtọ̀ akọ ẹlẹ́dẹ̀ tí a bá fi sínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹpọ̀n wà ní òde ara nítorí pé kóró inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù ju ara yòókù lọ, ní ìwọ̀n 2 sí 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá gbóná jù, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń dàgbà lọ́wọ́ yóò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìbàjẹ́ náà kì í hàn lọ́jọ́ kan náà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣìnà. Sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ àgbò ń lo nǹkan bí ọjọ́ 49 kí ó tó dàgbà tán nínú kóró ẹpọ̀n. Ti ọkùnrin ń lo nǹkan bí ọjọ́ 74. Ní Kano, níbi tí ooru oṣù kẹrin lè kọjá 40, àgbò tí a so sínú oòrùn lóṣù náà lè máa gun abo lóṣù karùn-ún láìsí oyún. Olówó rẹ̀ a sì tà á fún alápatà, nígbà tí ara rẹ̀ ń múra àtibọ̀ sípò.

Ọkùnrin kò yàtọ̀ púpọ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 1992 láti Ítálì rí i pé àìtètè rọ́mọ bí pọ̀ láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ìdí ààrò amọ̀ ju àwọn tí kì í dúró nídìí iná lọ. Alásè búrẹ́dì àti alágbẹ̀dẹ náà yẹ kí ó ronú sí i. Ibà líle pàápàá lè dín iye àtọ̀ kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè ní kí a tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Oúnjẹ náà ní tirẹ̀. Èso òwú, tí wọ́n ń fi ìyókù rẹ̀ bọ́ ẹran lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún epo rẹ̀, ní èròjà kan tí a ń pè ní gossypol, tí ó lè ba àtọ̀ akọ ẹran jẹ́. Ní Ṣáínà, wọ́n fún ọkùnrin tí ó ju 8,000 lọ ní èròjà yìí, kí ó lè jẹ́ oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí. Àtọ̀ àwọn kan kò padà bọ̀ sípò mọ́, potassium ara àwọn mìíràn sì lọ sílẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì dẹ́kun ìlépa rẹ̀ ní 1986.

Ní Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Aminu Kano, Mathias Emokpae àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ọkùnrin tí kò ní sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ rárá wò. Àbájáde wọn, tí ó jáde ní 2006, fi hàn pé họ́mónù àwọn kan nínú wọn kò wà bó ti yẹ. Irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ wà tí oògùn lè ràn lọ́wọ́, bíi ti prolactin tí ó bá pọ̀ jù. Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i ní 2005 pé àwọn ọkùnrin tí kò rọ́mọ bí sábà máa ń sọ pé àwọn ti ní àmì àtọ̀sí tàbí egbò ojú ara rí, wọn kì í sì sábà gba ìtọ́jú tó yẹ ní ilé ìwòsàn.

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹnì kan nínú mẹ́fà ni ìṣòro àìrọ́mọbí ń bá pàdé láyé rẹ̀. Fún àyẹ̀wò àtọ̀, ọkùnrin yóò yàgò fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7. Ìwé ìlànà àjọ náà ti 2021 fi mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan ṣe ìwọ̀n tí ó kéré jù láàrin ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàrin ọdún kan. Kò gba abẹ́, kò gba abẹ́rẹ́, ó sì yẹ kí ó ṣáájú iṣẹ́ abẹ èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe fún ìyàwó.